Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́dọ̀ Pọ̀n Oyin

"Kí ni ìṣòro yín?"

Ìbéèrè tí Bàbá Òjó, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òkè àdúrà, fi pàdé wọn ní ẹsẹ̀ Òkè Ẹyẹlé nìyẹn. Kò kí wọn káàárọ̀, kò bi wọ́n bóyá ọ̀nà dára. Ó jókòó bí ọba lórí àga onírọ́bà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, tí ó fi òkúta tì nídìí. Ó na ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí wọn bí ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró, ó ní kí ni ìṣòro wọn.

Tinúọlá sọ kúlà oúnjẹ tó gbé dání kalẹ̀, gbì! Télọ̀ ni, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ohùn rẹ̀ kò sì kéré rí. Bó bá ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí yunifásítì á dúró wòran, wọn á pẹ́ dé kíláàsì. Ṣùgbọ́n lónìí ó ti pinnu pé òun kò ní bínú. Ó ti ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀ nínú mọ́tò.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀," ó ní, ó sì fi tipátipá rẹ́rìn-ín. "A ò ní ìṣòro kankan."

Bàbá Òjó wo Ọbáfẹ́mi, ọkọ rẹ̀, bóyá ọkùnrin yẹn á sọ òótọ́. Ọbáfẹ́mi, tí ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìkàwé yunifásítì, tí ó sì ti mọ́ ọn lára láti dákẹ́, dákẹ́. Bàbá wo kúlà. Ó wá wo Oyin, ọmọ ọdún márùn-ún, tó wọ bàtà pupa, tó ń fi ọwọ́ kan di ìyá rẹ̀ láṣọ mú. Ojú rẹ̀ balẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì mi orí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti rí i."

"Kí lẹ rí?"

"Ìṣòro náà."

"Bàbá, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro! Ọmọ mi nìyẹn!"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ṣé ẹ rí i, àwọn tó bá ní ìṣòro ara, apá ọ̀tún ni wọ́n ń jókòó sí lókè. Àwọn tó ń wá ọmọ wà lápá òsì. Àwọn oní-físà ti ń gòkè láti ìdájí, ẹ máa bá wọn lọ́nà."

"Ìgbafẹ́ la bá wá."

"Ìgbafẹ́ bí ti báwo?"

"Ìgbafẹ́! Ká gun òkè, ká jókòó, ká jẹun, ká wo ìlú láti òkè, ká sọ̀ kalẹ̀, ká máa lọ sílé wa."

"Láìgbàdúrà?"

"Láìgbàdúrà!"

Bàbá Òjó ronú sí i. Ó ronú tọkàntọkàn. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ṣé kò sí atẹ́gùn nílé yín ni?"

Ká sọ òótọ́, Bàbá Òjó kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yìí, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, á mọ̀ pé ènìyàn kì í gun òkè lásán. Àgbẹ̀ ń gùn ún lọ sóko. Ọdẹ ń gùn ún lọ wá ẹran. Gbogbo ẹni yòókù, àdúrà ni wọ́n ń bá lọ: ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tó ń wá ọkọ, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń fojú rẹ̀ rí màbo. Bí o bá ní o gun òkè nítorí kí o lè wo bí ilẹ̀ ṣe rí láti òkè, wọn á rọra fà ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn á bi ọ́ bóyá o ń sùn dáadáa.

Ṣùgbọ́n Tinúọlá ní ìdí tó fi fẹ́ gun òkè lásán, ìdí náà sì wọ bàtà pupa.

Nígbà tí wọ́n bí Oyin, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síta bí ọrun. Bó ṣe ń dàgbà ló ń tẹ̀ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí àwọn dókítà ní Ìdó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fi nǹkan funfun líle di ẹsẹ̀ náà láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹsẹ̀ ti nà, ṣùgbọ́n kò lágbára rárá. Oyin dìde lórí rẹ̀ bí ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó gbọ̀n, ó sì ṣubú. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀: gbé ẹsẹ̀ sókè, sọ ọ́ kalẹ̀. Bí oníbàárà bá lọ tán nírọ̀lẹ́: gbé e sókè, sọ ọ́ kalẹ̀. Oyin á di ẹ̀rọ ìránṣọ mú, á dìde, á bẹ̀rẹ̀, á sunkún, á tún dìde. Ìyá rẹ̀ náà á sunkún, ṣùgbọ́n ògiri ni yóò kọjú sí.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lọ sí Ìkọ̀lé láti lọ kí Màmá Florence, ìyá Ọbáfẹ́mi, wọn á kọjá Òkè Ẹyẹlé ní kété tí wọ́n bá jáde ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Oyin á lẹ imú mọ́ gíláàsì mọ́tò.

"Mọ́mì, ta ló ń gbé lókè yẹn?"

"Mi ò mọ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ bá lágbára, wàá lọ wò ó fúnra rẹ."

"Wọn ò ní pọ̀n mí?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní pọ̀n ọ́."

"Ẹ ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí."

Ká má parọ́ fúnra wa, Tinúọlá lè yẹ àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà. Télọ̀ ni. Aṣọ Kérésì á di aṣọ Àjíǹde, ayé kò ní parẹ́. Ṣùgbọ́n èyí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé Oyin ti sọ ọ́ lórúkọ: Akàn ni wọ́n ń pè é, nítorí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Tinúọlá fẹ́ kí ọmọ òun wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, kó dúró láàárín wọn, kó sọ pé, "Èmi Akàn, mo ti gun Òkè Ẹyẹlé, ẹsẹ̀ mi ni mo fi gùn ún. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Kì í ṣe pé ó kórìíra àdúrà. Ó ń gbàdúrà. Ohun tó kórìíra ni kí àwọn ènìyàn máa wo ọmọ òun bí ẹni ń wo àìsàn tó wọ bàtà.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí oòrùn tó mú," ó ní. Ó gbé kúlà, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì dúró gbagidi.

Láti ẹ̀yìn igi máńgòrò ni Màmá Florence ti yọ. Aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, gálọ́ọ̀nù omi lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé orin lọ́wọ́ òsì. Màmá Florence, ìyá ìjọ Áńgílíkà tí kì í wọ funfun àfi lọ́jọ́ Àjíǹde!

"Ẹ káàbọ̀ o," Màmá ní. "Ẹ mà pẹ́ o. Mo ti ń gbààwẹ̀ láti àná."

Tinúọlá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọbáfẹ́mi ti ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

"Dádì Oyin."

"Hẹ̀n?"

"Ta ló sọ fún Màmá?"

"Mo kàn fẹnu bà á ni."

"Ẹnu tí ẹ fi bà á yẹn, a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé."

"Fi ọkọ rẹ sílẹ̀, Ìyá Oyin," Màmá dá sí i. "Èmi ni mo pe Wòlíì Afọlábí. Ó ń retí wa lókè. Ọmọ kan ṣoṣo tó wà nínú ulé wa, kí n jókòó máa wo ùyà tó ń jẹ ẹ́?"

"Ìyà wo, Màmá? Ọmọ yìí ń rìn!"

"Ó ń rìn o, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé bó ṣe yẹ kó rìn nìyẹn?"

Oyin gbọ́. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́ tó dójú ti òun níta gbangba.

Ibẹ̀ ni ìlérí tí Tinúọlá ṣe nínú mọ́tò ti kú. "Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa! Ẹ lè tẹ̀lé wa. Ẹ lè gbàdúrà fún ara yín, ẹ lè gbà á fún ọmọ yín tó ń wo ojú ọ̀run yìí, ẹ lè gbà á fún Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi lónìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀n ọ́n!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Oyin ló ṣáájú. Ó ní bó ṣe ń rìn: á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, á dúró, á ronú sí i, á wá fa tòsì tẹ̀lé e, ìdí rẹ̀ á sì jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti ìyàwó tuntun. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé kúlà, Màmá sì ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù omi rẹ̀, ó ń kùn sínú.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí obìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ fi rí Oyin, tó pariwo "Yéè!" tó sì na ọwọ́ láti gbé e.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò!"

"Àánú ló ń ṣe mí, ìyá."

"Ẹ gbé àánú náà dání, ẹ máa gbé e lọ!"

Wọ́n tún rìn díẹ̀. Ọkùnrin kan ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ gbì síwájú bàtà pupa náà, ó ń na ìka sí i. "Ìwọ ẹsẹ̀ yìí! Mo ń bá ọ wí!"

"Ẹsẹ̀ ò létí, bàbá! Ẹ dìde lọ́nà!"

Ní ìdajì òkè ni wọ́n ti bá àwọn oní-físà, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí wọ́n ṣe rí Oyin, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde, wọ́n tò sójú ọ̀nà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn mẹ́ta gbalaja.

"Ẹ gbé e lé mi lẹ́yìn, mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ti àárín ní. "Wọ́n ní kí n ṣe oore kan lónìí. Bóyá ibi oore yìí ni físà mi wà."

"Ọmọ mi kì í ṣe ẹ́ḿbásì!"

Ohùn yẹn ni ẹyẹlé fi fò lórí àpáta. Oyin rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ó gba àárín àwọn ẹ̀yìn mẹ́ta náà kọjá, ó fọwọ́ gbá ti ìkẹyìn pẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, bọ̀dá, mo ń lọ ni."

Ṣùgbọ́n òkè kì í ṣe ènìyàn tí a lè jágbe mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé orí, ọ̀nà dópin sí ìdí àpáta kan tó dúró sán-án, tí àwọn tó ń kọjá ti fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ihò kéékèèké sí lára. Oyin gbé ẹsẹ̀ sí ihò kìíní, ó gùn ún. Ó gbé ẹsẹ̀ sí èkejì, ẹsẹ̀ náà gbọ̀n, ó yọ̀, ó sì fi orúnkún lu àpáta. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó fi orí sáàárín orúnkún, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ẹ wá wo Tinúọlá wa báyìí. Tinúọlá tó ti lé obìnrin, tó ti lé ọkùnrin, tó ti lé físà mẹ́ta. Ó wo ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ó tú ìborùn rẹ̀ kúrò ní èjìká, ó yí ẹ̀yìn padà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí Màmá má bàa gbọ́.

"Oyin. Ó ti tó. Gun ẹ̀yìn mi. Ibí yìí nìkan ni, a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Oyin gbé orí sókè. Omijé kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà le.

"Mọ́mì, ẹ dìde."

"Oyin mi..."

"Ẹ dìde! Ẹ ṣèlérí! Ẹ̀yin fúnra yín!"

Tinúọlá dìde. Ó di ìborùn mọ́ ìdí, ojú tì í bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. Oyin fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Kò tún dúró lórí ẹsẹ̀. Ó dojú kọ àpáta, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn bí alángbá, ó sì ń fa ara rẹ̀ lọ sókè, ó ń sunkún, ó ń gòkè, ó ń sunkún, ó ń gòkè. Màmá Florence wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ó ti ju gálọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè láti hán ọmọ náà bó bá já bọ́.

Bí Oyin ṣe na orí yọ sórí òkè nìyẹn, tó dìde, tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó dúró, tó ronú sí i, tó fa tòsì tẹ̀lé e.

"Ó Ń RÌN!"

Ohùn inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni. Wòlíì Afọlábí, ọkùnrin gígùn kan tí agbádá rẹ̀ funfun, fò láàárín èrò dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó! Èyí tí wọ́n pè mí nítorí rẹ̀ nìyí! Arọ ni láti inú ìyá rẹ̀! Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rí! Àwa tí a ti ń jagun fún un láti òru, ẹ wò ó, ó ń rìn!"

Èrò bú sí ariwo. Halelúyà gba òkè kan. Apá ọ̀tún ń fò, apá òsì ń fò, àwọn tí kò tilẹ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ń fò jù.

"Irọ́!" Tinúọlá ti gorí àpáta. "Irọ́ ni! Ta ni arọ? Ta ló pe ọmọ mi ní arọ?"

"Ẹ̀mí ti bà lé ìyá ọmọ!" Wòlíì kígbe.

"Kò sí nǹkan tó bà lé mi! Inú ló ń bí mi!"

"Halelúyà!"

"Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la fi ń ṣe é! Ọmọ yìí ń ṣubú, ó ń dìde, ẹ ò sí níbẹ̀! Ta ló jagun nínú yín? Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní?"

"Ẹ jẹ́ kó tú u jáde! Ẹ jẹ́ kó tú u jáde!"

Bó ṣe ń pariwo tó ni wọ́n ń pariwo tó. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Wòlíì láti já ẹ̀rọ gbà, wọ́n ní ó ń jó. Obìnrin kan tilẹ̀ ti fọwọ́ gbá a mú lẹ́yìn kó má bàa ṣubú. Tinúọlá tó ti ń fi ohùn ṣẹ́gun láti kékeré, ohùn wá di ọ̀tá rẹ̀ lórí òkè.

"Tinú, jọ̀ọ́," Ọbáfẹ́mi ń bẹ̀ ẹ́, kúlà lórí àyà rẹ̀ bí apata. "Àwọn ènìyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò! Ẹ̀yin ni kí ẹ la ẹnu yín!"

Arábìnrin Títílọpẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ya fídíò ìsìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wá sáré dé, fóònù lọ́wọ́, òógùn lójú.

"Wòlíì, ìṣòro wà o. Fóònù ò tètè ṣí. Mi ò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yà. Ibi tó ti ń rìn nìkan ni mo bá."

"Kò burú," Wòlíì ní. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò lẹ́nu, ohùn rẹ̀ sì wá dà bíi ti ẹni tó ń ṣètò àga níbi ìkómọjáde. "A ó tún un ṣe. Mo máa gbé e wá láti ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀ wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀, mo máa sọ ọ́ kalẹ̀, á wá máa rìn. Ọmọ dáadáa, má mi ẹsẹ̀ o."

Kí Tinúọlá tó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ obìnrin tó dì í mú, Wòlíì ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ki Oyin lábẹ́ apá, ó sì ti gbé e kúrò nílẹ̀.

Oyin figbe ta. Kì í ṣe igbe ẹni tó fara pa, nítorí orúnkún rẹ̀ kò mú igbe bẹ́ẹ̀ jáde. Igbe ẹni tí wọ́n jà lólè ni. "Ó gbé mi! Mọ́mì, ó gbé mi! Ó gbé mi!"

Ibẹ̀ ni gálọ́ọ̀nù omi ti dé. Kò dé jẹ́jẹ́. Ó wá láti ẹ̀yìn, ó ba Wòlíì ní ìdí, gbàǹgà! Màmá Florence, tó ti padà gbé e gun àpáta wá, ló dì í mú.

"Sọ ọ́ kalẹ̀!"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ pè mí."

"Mo pè ọ́! Mo ní ẹsẹ̀ ń dun ọmọ mi, kí o wá gbàdúrà. Ǹjẹ́ mo ní arọ ni? Nínú ulé tèmi? Arọ? Sọ ọ́ kalẹ̀ kí n tó tún gálọ́ọ̀nù yìí jù!"

Wòlíì sọ ọ́ kalẹ̀. Màmá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń gba abẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó gbé e sún mọ́ ẹnu jù, ohùn rẹ̀ sì dé Ìjẹ̀ṣà-Iṣu.

"Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín! Èmi ni ìyá àgbà rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo wà tó fi ń gun àpáta yẹn. Orúnkún rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ kán sí mi lórí gèlè, ẹ wò ó níbí! Ìyá rẹ̀ ní kó wá gun ẹ̀yìn òun, ó kọ̀."

Háà, Màmá ti gbọ́! Tinúọlá fẹ́ kí àpáta lanu.

"Ó kọ̀! Èmi tí mo dàgbà tó báyìí, bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ fún mi níbẹ̀ ni, ǹ bá gùn ún. Ọlọ́run tí mo mọ̀, kò ní gba uṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ kó ní òun lòun ṣe é. Ẹni tó bá tún pariwo, á bá mi níbí!"

Òkè dákẹ́. Àwọn oní-físà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gorí àpáta bọ̀ dúró sójú kan, wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n ń bá wí.

Tinúọlá ti kúnlẹ̀ ti Oyin, ó ń fi ìborùn nu ojú rẹ̀. "Ó ti tán, ọmọ mi. O ti dé orí òkè."

"Kò tán." Oyin na ìka sí Wòlíì. "Ó ti bà á jẹ́. Tí mo bá sọ fún wọn níléèwé, irọ́ ni màá pa. Wọ́n ti gbé mi."

"Díẹ̀ báyìí ló gbé ọ."

"Wọ́n ti gbé mi!"

Tinúọlá na ọwọ́ láti gbá a mọ́ra. Oyin kò dúró dè é. Ó yí padà. Ó rìn gba àárín èrò, ọ̀tún, ìdúró, òsì, ó dé etí àpáta, ó fi ìdí jókòó, ó sì yọ́ sọ̀ kalẹ̀ gba ibi tó ti gùn wá. Ọbáfẹ́mi sáré lọ wo etí àpáta. Ọmọ náà ti dé ìdí rẹ̀. Ó na bàtà pupa sí ihò kìíní.

"Ó tún fẹ́ gùn ún," Ọbáfẹ́mi ní.

Ẹnìkan nínú èrò sún síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ti ń nà. Ọbáfẹ́mi, tí ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dákẹ́, sọ kúlà sílẹ̀, ó yíjú padà, ó sì jágbe tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. "Kí ẹnikẹ́ni má kàn án! Ẹni tó bá kàn án, èmi àti onítọ̀hún ni!"

Tinúọlá wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó lọ dúró tì í, àwọn méjèèjì na apá bí ọgbà. Títílọpẹ́ gbé fóònù sókè. Màmá fi ìwé orin bo ojú fóònù náà, ó sì di ìwé náà mú síbẹ̀.

Kò sí halelúyà. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni bàtà kékeré tó ń fá àpáta, àti èémí. Ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo òkè mí sínú. Tinúọlá bu ètè rẹ̀ jẹ. Ọwọ́ kan yọ, lẹ́yìn náà orí tí irun rẹ̀ ti kún fún koríko, lẹ́yìn náà orúnkún tó ti là. Oyin dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó dúró, ó ronú sí i. Ó fa tòsì tẹ̀lé e.

Ó wo àyíká. Ó wo àwọn páànù Ìjẹ̀ṣà-Iṣu nísàlẹ̀, ó wo ebè iṣu tó tò lọ bí ìlà inú ìwé, ó wo Ìkọ̀lé lọ́nà jíjìn. Ó wá wo èrò, apá ọ̀tún dé apá òsì.

"Èèyàn pọ̀ jù níbí," ó ní. "Mo rò pé ẹyẹlé nìkan ló ń gbébẹ̀. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ mi dà?"

Wọ́n ṣí kúlà. Òórùn ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbéra, ó kọjá lápá òsì, ó kọjá lápá ọ̀tún, ó bá àwọn oní-físà, ọ̀kan nínú wọn sì gbé itọ́ mì, gbù! "Ààwẹ̀ kò tíì parí o!" Wòlíì ní, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mọ́, àwọn tó wà níwájú nìkan ló gbọ́. Màmá Florence jókòó sórí gálọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gba ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan lọ́wọ́ Tinúọlá láìwò ó lójú, ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ mà ṣe déédéé." Tinúọlá mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ó bu òmíràn sí i.

Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, wọ́n palẹ̀ mọ́. Tinúọlá na ọwọ́ sí Oyin. "Ó yá, akọni. Ká máa sọ̀ kalẹ̀."

Oyin kò dìde. Ó na apá méjèèjì sókè.

"Ẹ pọ̀n mí."

"Kí lo wí?"

"Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ pọ̀n mí."

"Oyin! Lẹ́yìn gbogbo ogun tí mo jà lónìí? Mo bá èrò jà, mo bá Wòlíì jà, Màmá ju gálọ́ọ̀nù!"

"Ìlérí lílọ la ṣe," Oyin ní. "A ò ṣe ti bíbọ̀."

Tinúọlá wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ padà sí ojú ọ̀run rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Màmá ló tú ìró funfun tó wà lókè lára rẹ̀, tó fi gbá ọmọ náà mọ́ ọn lẹ́yìn, tó sì so ó le. Wọn ò tíì sọ̀ dé ìdajì tí Oyin ti sùn, ẹnu rẹ̀ lanu sí ìyá rẹ̀ lọ́rùn.

Bàbá Òjó ṣì wà lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Ó rí wọn lókèèrè, ó rí ìró funfun, ó rí bàtà pupa méjì tó ń fì. Ó gbé ìgbálẹ̀ kalẹ̀, ó dìde, ó ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ kún fún àánú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá," ó ní. "Ẹ mà rí i báyìí. Ṣé kò lè gùn ún? Mo sọ fún yín láàárọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún un ni, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ì bá fi rìn bọ̀."

Iṣan ọrùn Tinúọlá dìde. Ó mí sínú, ó mí títí àyà rẹ̀ fi kún, ó la ẹnu gbàgà. Ọbáfẹ́mi ti di etí.

Oyin yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń hanrun.

Tinúọlá pa ẹnu dé. Ó sún mọ́ Bàbá Òjó, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá fi fà sẹ́yìn lu àga, ó na ìka kan sí i nímú. Gbogbo ìbínú ọjọ́ náà, láti Ọ̀yẹ́ dé orí àpáta, ló kó jọ sínú ohùn tí kò lè jí eṣinṣin.

"Bàbá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí iná, "ẹ̀ẹ̀mejì ló gùn ún."